Wọ́n ní ó pọ̀ jù, mo dín in kù, wọ́n tún ní àwọn ò rí nǹkan kan

Ìbéèrè: "Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Ọdún méje ni mo ti ń ṣeré orí ìtàgé. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fún mi ní ipa tó jọjú nínú fíìmù kan, a sì ti fi ọjọ́ méjì ya àwòrán níbẹ̀. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ olùdarí ní eré mi pọ̀ jù, kí n dín in kù. Lọ́jọ́ kejì mo dín in kù, ó tún ní òun ò rí nǹkan kan lójú mi. Ó ku ọ̀sẹ̀ méjì ká padà sẹ́nu iṣẹ́. Kí ni kí n ṣe? Ṣé kí n kúkú fi ìtàgé sílẹ̀ ni, kó má bàa máa ba eré kámẹ́rà jẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́?"

Ẹ kú ìforítì. Ohun méjèèjì tí olùdarí sọ fún yín jóòótọ́, wọn ò sì ta ko ara wọn. "Dín in kù" ni ìmọ̀ràn tó máa ń kọ́kọ́ bọ́ lẹ́nu olùdarí tó bá rí òṣèré orí ìtàgé níwájú kámẹ́rà, òun náà ló sì máa ń ṣi òṣèré lọ́nà jù. Ẹni tí wọ́n bá sọ bẹ́ẹ̀ fún á rẹ ohùn sílẹ̀, á ká ọwọ́ kò, á mú ojú le gan-in. Lẹ́yìn náà, láìmọ̀, á dín èrò tó wà lọ́kàn ẹni tó ń ṣe kù mọ́ ọn. Ibẹ̀ ni nǹkan ti ń bàjẹ́. Kámẹ́rà ò ní kí ẹ ṣe kékeré. Ohun tó ń béèrè ni pé kí ẹ kó iṣẹ́ náà kúrò ní apá, ẹsẹ̀ àti ọ̀fun, kí ẹ kó o lọ sínú èrò, ẹyinjú àti èémí. Ẹrù náà kò gbọ́dọ̀ fúyẹ́ rárá, èjìká tó ń gbé e ló yí padà.

Lórí ìtàgé, ẹ̀yin lẹ máa gbé ọ̀rọ̀ lọ bá ẹni tó jókòó sẹ́yìn pátápátá, tó lè fi mítà 25 jìnnà sí yín. Kò lè rí ẹyinjú yín, nítorí náà ara gbọ́dọ̀ ròyìn ohun tí ojú ń sọ. Níwájú kámẹ́rà, lẹ́ńsì ló ń wá bá yín nílé. Nígbà tí ojú yín bá kún gbogbo aṣọ sinimá, ẹyinjú tó yẹ̀ díẹ̀ ti di ìró ńlá.

Ẹ jẹ́ ká mú ìran kan ká yẹ̀ ẹ́ wò. Ọkùnrin kan gba ìwé lọ́wọ́ àbúrò rẹ̀, ó kà á, ó sì rí i pé wọ́n ti ta ilé bàbá wọn, àbúrò yìí gan-an ló fọwọ́ sí i. Gbólóhùn kan ṣoṣo ló ní láti sọ: "Ìwọ lo fọwọ́ sí i?" Lórí ìtàgé, òṣèré tó mọṣẹ́ á ka ìwé náà, á jẹ́ kí ọwọ́ tó mú un já wálẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ itan, á mí èémí tí àwọn ará ẹ̀yìn á gbọ́, á yí gbogbo àyà sí àbúrò rẹ̀ kó tó la ẹnu. Gbogbo rẹ̀ dára, gbogbo rẹ̀ sì dé ẹ̀yìn gbọ̀ngán. Ẹ wá gbé e sínú close-up, àwòrán tó jẹ́ pé ojú nìkan ló kún un. Ọwọ́ tó já wálẹ̀ ò sí nínú àwòrán. Àyà tó yí ti gbé ojú jáde kúrò nínú férémù, ìyẹn ààlà àwòrán. Èémí yẹn ń dún bí ìjì nínú máíkù. Èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ rẹ̀ ṣòfò, ìwọ̀nba tó kù sì dà bí àṣejù. Bí wọ́n bá wá ní kó dín in kù, á wo ìwé náà, á gbójú sókè, á sọ gbólóhùn rẹ̀, ojú á ṣófo bí ilé tí kò sẹ́nì kan nínú rẹ̀. Ó jọ pé ohun tó ṣẹlẹ̀ sí yín lọ́jọ́ kejì nìyẹn.

Ohun tó yẹ kó ṣe nìyí. Kó ka ìwé náà ní tòótọ́. Ìyẹn ni pé kí ọ̀rọ̀ gidi wà lórí rẹ̀, kì í ṣe bébà òfìfo. Bí àwọn tó ń tọ́jú ohun èlò bá gbé òfìfo lé yín lọ́wọ́, ẹ mú bírò kí ẹ kọ ọ̀rọ̀ sí i fúnra yín. Kí ojú rẹ̀ máa ti òsì lọ sí ọ̀tún, ìlà kan lẹ́yìn òmíràn, títí á fi dé ibi ìfọwọ́sí. Kó dúró níbẹ̀. Kí ojú wá padà sí ìlà tó wà lókè rẹ̀, bí ẹni tó fẹ́ mọ̀ bóyá òun ò ṣì í kà, kó tún sọ̀ kalẹ̀ wá sórí orúkọ náà. Èémí á dá dúró fúnra rẹ̀ níbi tí ojú ti padà yẹn, kò nílò pé kó fi agbára sé e. Nígbà tó bá wá gbójú sókè, ìbéèrè ti dé ojú kó tó dé ẹnu. Ìpadàsókè ojú yẹn kò ju ìṣẹ́jú-àáyá kan lọ. Ẹni tó jókòó sí ìlà karùn-ún nínú gbọ̀ngán kò ní rí i. Lójú kámẹ́rà, òun ni gbogbo ìran náà. Ṣé ẹ rí i pé iṣẹ́ ò dín? Ó tilẹ̀ pọ̀ sí i, torí kíkà, iyè méjì àti ìdánilójú gbọ́dọ̀ ṣẹlẹ̀ sí òṣèré náà ní tòótọ́, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá tún ìran náà yà.

Ìdí tí olùdarí fi ní òun ò rí nǹkan kan ni pé ní ọjọ́ kejì yẹn, ohun tó wà lọ́kàn yín ni "kí n má ṣe jù." Kámẹ́rà ya ohun tó wà lọ́kàn yín: ó ya òṣèré tó ń ṣọ́ ara rẹ̀. Ẹ ò lè fi agbára lé èrò yẹn jáde; ẹ fún ọkàn ní iṣẹ́ mìíràn, á lọ fúnra rẹ̀. Iṣẹ́ náà kò ju ìbéèrè méjì lọ: kí ni mo fẹ́ gbà lọ́wọ́ ẹni tó wà níwájú mi yìí, kí ni mo sì ń rí lójú rẹ̀ báyìí tó sọ fún mi bóyá màá rí i gbà? Konstantin Stanislavski, ọ̀kan nínú àwọn méjì tó dá ilé eré Moscow Art Theatre sílẹ̀ ní 1898, gbé ọ̀pọ̀ ẹ̀kọ́ rẹ̀ ka orí ohun tí ẹni inú eré ń fẹ́, orí ìtàgé ló sì ti ṣe é. Ohun tí ẹ ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni, ẹ kàn gbàgbé láti gbé e dání wá síwájú kámẹ́rà ni.

Ìtàn kan wà tí wọ́n máa ń sọ fún gbogbo ẹni tó ń kọ́ iṣẹ́ sinimá. Lev Kuleshov, olùdarí ará Rọ́ṣíà, mú àwòrán ojú òṣèré Ivan Mozzhukhin, ojú kan náà láìyí padà, ó so ó mọ́ àwo ọbẹ̀, ó so ó mọ́ òkú nínú pósí, ó so ó mọ́ obìnrin tó rọ̀gbọ̀kú. Àwọn tó wò ó ní ebi ń pa á, wọ́n ní ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ ẹ́, wọ́n ní ìfẹ́ ń pa á. Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ fún òṣèré ni pé gígé àti síso àwòrán á ṣe apá kan nínú iṣẹ́ yín. Bí olótùú, ẹni tó ń gé àwòrán tó sì ń so wọ́n pọ̀, bá máa fi àwòrán pósí hàn kó tó fi ojú yín hàn, ẹ ò ní láti ṣe "ìbànújẹ́" fún ẹnikẹ́ni. Ẹ wo pósí náà, ó tó. Àmọ́ àwọn kan ti fi ìtàn yìí ṣe àwáwí fún ojú tó ṣófo, èmi ò sì fara mọ́ ọn rárá. Ojú tó dákẹ́ àti ojú tó ṣófo kì í ṣe ìkan náà. Èyí tó dákẹ́ ní ẹnì kan nínú rẹ̀ tó ń ronú.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ ká bọ́ sórí iṣẹ́ ọwọ́ gan-an. Kí ẹ tó ṣe ohunkóhun nínú ìran kan, ẹ bi ẹni tó di kámẹ́rà mú pé, "Ibo ni férémù parí sí?" Kò ní bínú, inú rẹ̀ á tilẹ̀ dùn. Á fi ọwọ́ júwe rẹ̀ fún yín: ọrùn ẹsẹ̀, ìbàdí, àyà tàbí àgbọ̀n. Bó bá jẹ́ pé gbogbo ara ló hàn, ẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ lè ṣe é bíi ti ìtàgé. Bó bá parí sí ìbàdí, ọwọ́ tó wà nísàlẹ̀ ìbàdí ò sí fún ẹni tó ń wò. Ife tí ẹ bá fẹ́ kó hàn gbọ́dọ̀ gòkè dé ìpele àyà. Bó bá jẹ́ ojú nìkan, orí tó ń mì nígbà gbogbo ni ọ̀tá yín. Òṣèré orí ìtàgé máa ń fi orí tẹnu mọ́ ọ̀rọ̀ láìmọ̀, á máa kàn án mọ́lẹ̀ ní gbogbo ọ̀rọ̀ tó lágbára, bí ẹni tó ń fi òòlù kan ìṣó. Nínú close-up, gbogbo férémù ló ń mì yẹn.

Bí ẹ bá fẹ́ dìde lórí àga nígbà tí kámẹ́rà sún mọ́ yín, ẹ kọ́kọ́ fa ẹsẹ̀ kan sẹ́yìn sábẹ́ àga láìjẹ́ kó hàn lára, kí ẹ wá gbéra. Orí á gòkè tààrà. Bí ẹ ò bá ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ gbọ́dọ̀ tẹ̀ síwájú kí ẹ tó lè dìde, orí yín á sì bẹ́ jáde lójijì kí ẹni tó ń darí kámẹ́rà tó lè tẹ̀ lé e. Ẹ rọra ṣe é ju bí ẹ ṣe ń ṣe é nílé lọ.

Ọ̀rọ̀ títẹ̀ síwájú yìí ní ewu mìíràn. Bí lẹ́ńsì bá jẹ́ 85mm lórí kámẹ́rà onífèrémù ńlá (full-frame), tí wọ́n ṣí ihò tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọ inú rẹ̀ gbòòrò dé f/2, tí ẹ sì wà ní mítà kan àbọ̀ sí i, gbogbo àyè tí nǹkan fi máa hàn kedere kò ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 4 lọ. Ẹ tẹ̀ síwájú tó ìbú àtẹ́lẹwọ́ nígbà tí inú ń bí yín, ẹyinjú yín ò ní hàn kedere mọ́. Take (yíyà ìran kan lẹ́ẹ̀kan) tó dára jù lọ níbi eré lè di èyí tí wọ́n jù nù nítorí èyí. Nítorí náà, bí ẹ bá mọ̀ pé ẹ máa tẹ̀ síwájú ní ọ̀rọ̀ kan, ẹ ṣe é nígbà ìdánrawò, kí ẹni tó ń yí lẹ́ńsì kí àwòrán lè hàn kedere rí i, kó lè tẹ̀ lé yín.

Fún àmì tí wọ́n fi téèpù lẹ̀ mọ́lẹ̀ síbi tí ẹ gbọ́dọ̀ dúró sí, ẹ má wò ó nígbà tí ẹ bá ń rìn bọ̀. Ẹ dúró lórí àmì náà, ẹ kọjú síbi tó yẹ, kí ẹ wá fi ẹ̀yìn rìn padà sí ibi tí ẹ ti máa bẹ̀rẹ̀, kí ẹ máa ka ìṣísẹ̀. Bó bá jẹ́ márùn-ún, ìṣísẹ̀ márùn-ún ni ẹ máa fi padà. Ẹ tún wá ohun kan tó dúró gbọn-in sí ẹ̀gbẹ́ yín, etí tábìlì tàbí òpó fèrèsé, tí ẹ lè fi igun ojú rí.

Ojú: ẹ má wo inú lẹ́ńsì àfi bí wọ́n bá ní kí ẹ wò ó. Ẹ yan ẹyọ ojú kan lára ẹni tí ẹ ń bá ṣeré, èyí tó sún mọ́ kámẹ́rà jù, kí ẹ máa wo ìyẹn. Bí ẹ bá ń ti ojú ọ̀tún bọ́ sí ojú òsì rẹ̀, bí a ti máa ń ṣe láìmọ̀, nínú close-up ẹyinjú yín á máa ta pọ́ún pọ́ún bí ti ẹni tó ń purọ́. Bí ẹ bá sì ń ṣẹ́jú púpọ̀, agbára ọ̀rọ̀ á máa jò. Kì í ṣe pé kí ẹ la ojú kalẹ̀ bí ẹja o. Ẹni tó gbájú mọ́ ohun tó ń wò kì í sábà ṣẹ́jú púpọ̀, kò sí ìdí láti fagbára mú un.

Ohùn ni mo fẹ́ gùn lé, pàápàá fún ẹni tó ń fi Yorùbá ṣeré. Ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀ ló ń gbé ìtumọ̀ èdè wa: ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀, ọ̀kọ̀. Òṣèré tí wọ́n bá ní kó rẹ ohùn sílẹ̀ sábà máa ń bọ́ sínú ọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, èémí lásán. Bí èèyàn bá ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, tán-án-ná inú ọ̀fun kì í gbọ̀n, gbígbọ̀n yẹn gan-an ló sì ń fún wa ní òkè àti ìsàlẹ̀. Ẹni tó ń gbọ́ á wá máa méfò. "Ọkọ̀ rẹ̀ ti dé" àti "ọkọ rẹ̀ ti dé" á di ọ̀rọ̀ kan náà, ìran tó yẹ kó da jìnnìjìnnì boni á sì di ẹ̀rín. Ohun tí ẹ ń wá ni ohùn tó kéré ṣùgbọ́n tó ń dún. Ẹ gbé àtẹ́lẹwọ́ lé àyà, ẹ sọ gbólóhùn náà bí ẹni tó ń bá ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lórí àga kan náà sọ̀rọ̀. Bí àyà bá ń gbọ̀n lábẹ́ ọwọ́, ohùn wà níbẹ̀. Bí kò bá gbọ̀n, kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ni, ẹ gbé e sókè díẹ̀.

Ohun kejì ni ìparí gbólóhùn. Ohùn Yorùbá máa ń rọra rọ̀ sílẹ̀ bí gbólóhùn bá ṣe ń gùn, ohùn ìsàlẹ̀ tó bá bọ́ sí ìparí lè wọlẹ̀ tán pátápátá. Lórí ìtàgé, ẹ ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú èémí de ọ̀rọ̀ ìkẹyìn. Ẹ má sọ ẹ̀kọ́ yẹn nù níwájú kámẹ́rà. Àwọn tí kò ṣe ìtàgé rí ni ọ̀rọ̀ ìkẹyìn máa ń bọ́ sọ nù lẹ́nu wọn jù.

Ẹ bá ẹni tó ń gba ohùn sílẹ̀ ṣe ọ̀rẹ́. Ó ń fi ìdánrawò díwọ̀n bí ẹ̀rọ rẹ̀ á ṣe ṣí tó. Bí ẹ bá rọra sọ̀rọ̀ nígbà ìdánrawò láti fi agbára pamọ́, tí ẹ wá pariwo nígbà tí wọ́n ń yà á, ohùn náà lè fọ́, ó sì máa ń ṣòro láti tún un ṣe. Bí ẹ ò bá fẹ́ lo gbogbo agbára nígbà ìdánrawò, ẹ sọ fún un ṣáájú: "Màá pariwo ní ọ̀rọ̀ báyìí." Máíkù kékeré tí wọ́n fi pamọ́ sábẹ́ aṣọ lórí àyà ní ọ̀tá tirẹ̀: ìlẹ̀kẹ̀ tó ń kan án, aṣọ tó le tó ń ha, àti ọwọ́ tó ń lu àyà. Gbígbá àyà gbì níbi ọ̀fọ̀ jẹ́ ohun tó dára lórí ìtàgé. Nínú máíkù yẹn, ìbọn ni. Ẹ gbá itan dípò rẹ̀, tàbí kí ẹ jẹ́ kí àtẹ́lẹwọ́ dúró díẹ̀ kó tó kan àyà.

Bákan náà, bí kámẹ́rà bá wà lójú ẹnì kan ṣoṣo, ẹ má já lu ọ̀rọ̀ ara yín àfi bí olùdarí bá fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ìjálù ọ̀rọ̀ máa ń dùn lórí ìtàgé, ó ń gbóná. Ṣùgbọ́n olótùú nílò àlàfo kékeré láàárín ohùn méjì kó tó lè gé e. Bó bá fẹ́ kí ọ̀rọ̀ já lu ara wọn, á ṣe é fúnra rẹ̀ níbi tó ti ń gé e.

Ibi tí eré kámẹ́rà ti ń ká òṣèré orí ìtàgé mọ́ jù, tí kò sì sẹ́ni tó máa ń kìlọ̀ fún un, ni ohun tí wọ́n ń pè ní continuity: kí ohun tí ẹ ṣe nígbà tí kámẹ́rà jìnnà dọ́gba pẹ̀lú ohun tí ẹ ṣe nígbà tó sún mọ́. Wọ́n á ya ìran kan náà láti iwájú, láti ẹ̀gbẹ́, láti ẹ̀yìn ẹni kejì, ó lè tó ìgbà mẹ́wàá tàbí ogún. Bó bá jẹ́ pé nígbà àkọ́kọ́, ẹ gbé ife ní "bàbá mi", tí ẹ sì gbé e sílẹ̀ ní "kò tíì kú", bẹ́ẹ̀ ni ọwọ́ gbọ́dọ̀ ṣe títí wọ́n á fi tán. Bó bá yàtọ̀, olótùú ò lè ti àwòrán kan bọ́ sínú òmíràn. Á wá já close-up tó dára jù yín sílẹ̀, torí pé ife wà lọ́wọ́ yín níbẹ̀, ó sì wà lórí tábìlì nínú èyí tó ṣáájú. Nítorí náà, níbi tí wọ́n ti ń ya èyí tó jìnnà, ẹ má fi ẹwà ọwọ́ kún ọwọ́. Ohun tí ẹ bá fi ọwọ́ ṣe níbẹ̀, gbèsè ni, ẹ máa san án ní gbogbo take. Ẹ yan ìṣe ọwọ́ méjì péré tó ní ìtumọ̀, kí ẹ so ọ̀kọ̀ọ̀kan mọ́ ọ̀rọ̀ kan pàtó, kí ẹ fi pẹ́ńsù sàmì sí ọ̀rọ̀ náà nínú ìwé eré. Bó bá jẹ́ ìran oúnjẹ, ẹ bu díẹ̀, ẹ jẹ díẹ̀. Òkèlè tó kún ẹnu nígbà àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ kún ẹnu nígbà ogún.

Èyí kàn bí ẹ ṣe ń pín agbára. Nígbà púpọ̀, èyí tó jìnnà ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ yà, ojú nìkan ló máa ń kẹ́yìn. Òṣèré orí ìtàgé á da gbogbo omijé sínú àwòrán tí ojú rẹ̀ kéré bí èékánná, nígbà tí close-up bá fi máa dé, kànga ti gbẹ. Nígbà tó bá jìnnà, ẹ ṣe ara àti ìrìn pé, kí ẹ fi ìmọ̀lára sí ìdajì. Bó bá kan ẹni kejì tí kámẹ́rà wà lójú rẹ̀, tí ẹ̀yin ò sì hàn, ẹ má ṣe ìdajì fún un o. Ẹ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́ńsì, kí ẹ fún un ní gbogbo rẹ̀. Òun náà á san án padà fún yín.

Wọn ò ní yà á bó ṣe wà nínú ìwé. Ìparí lè ṣáájú ìbẹ̀rẹ̀. Lórí ìtàgé, ìran kìíní ló ń gbé yín dé ìran kejì, ooru rẹ̀ ṣì wà lára. Níbí, ẹ̀yin lẹ máa tan iná náà fúnra yín. Ẹ mú ìwé àjákọ kan, kí ìran kọ̀ọ̀kan ní ojú ìwé tirẹ̀. Ẹ kọ ibi tí ẹni yìí ti ń bọ̀, ohun tó mọ̀ àti ohun tí kò tíì mọ̀, ohun tó ń fẹ́, bí ara rẹ̀ ṣe rí, bóyá ó ti rẹ̀ ẹ́, bóyá ọgbẹ́ wà, bóyá ó ti sunkún. Kí ẹ sì fi òǹkà 1 sí 10 díwọ̀n bí inú rẹ̀ ṣe gbóná tó. Òǹkà yìí wúlò ju bí ẹ ṣe rò lọ. Bí ẹ bá ya ìran 40 lónìí ní òǹkà 8, tí ẹ wá ya ìran 39 lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ẹ ti mọ̀ pé kò gbọ́dọ̀ kọjá 7. Òṣèré tí kò bá kọ ọ́ sílẹ̀ á ṣe gbogbo ìran ní 9, nítorí pé ojoojúmọ́ ló dà bí ọjọ́ tó ṣe pàtàkì jù.

Ọ̀rọ̀ kíkọ́ sórí náà yàtọ̀. Ìtàgé lè fún yín ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà láti jọ kọ́ ọ. Fíìmù lè má fún yín ju ìdánrawò kan lọ kí wọ́n tó pariwo "action". Ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n délé. Àwọn tó ń kọ́ni ní eré ní èdè mìíràn máa ń ní kí òṣèré kọ́ ọ láìsí orin kankan nínú rẹ̀, ìyẹn láìgbé ohùn sókè tàbí sísàlẹ̀. Yorùbá ò gbà bẹ́ẹ̀, torí pé orin náà jẹ́ ti ọ̀rọ̀, kì í ṣe ti òṣèré. Tiyín ni bí ẹ ṣe yára sọ ọ́ tó, agbára ohùn, ibi tí ẹ ti dánu dúró àti ibi tí ẹ ti mí. Ohun mẹ́rin yìí ni kí ẹ má so mọ́lẹ̀ nílé. Ẹ máa sọ ọ̀rọ̀ náà nígbà tí ẹ bá ń gbálẹ̀ tàbí tí ẹ bá ń fọ abọ́, lọ́nà tó yára ju bí ẹ ṣe máa sọ ọ́ lọ, láìfi ìmọ̀lára kankan sí i. Ibi tí ahọ́n bá ti kọsẹ̀, ẹ sàmì sí i. Bí ẹ bá lè sọ ọ́ tán láìdá iṣẹ́ ọwọ́ dúró, ẹ mọ̀ ọ́n. Ẹni tó bá ti kọ́ ọ mọ́ bó ṣe máa tẹnu mọ́ ọn kì í lè yí padà bí olùdarí bá ní òun fẹ́ nǹkan mìíràn.

Ẹ lo ọ̀sẹ̀ méjì tó kù yìí báyìí. Ẹ mú ìran kan tó gùn tó ìṣẹ́jú méjì. Ẹ gbé fóònù kalẹ̀ sórí ohun tó dúró gbọn-in, kí lẹ́ńsì rẹ̀ wà ní ìpele ojú yín, kí ìmọ́lẹ̀ wá láti iwájú. Ẹ ya ìran náà nígbà mẹ́ta: ní mítà 5, ní mítà 2, àti ní ibi tó jẹ́ pé láti èjìká lọ sókè nìkan ló hàn. Ẹ kọ́kọ́ wo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta láìsí ohùn. Ibi tí ẹ ò bá ti mọ ohun tí ẹni yìí ń rò, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ibẹ̀ ni òfìfo wà. Ẹ tún wò ó nígbà kejì fún iwájú orí tó ń hunjọ àti orí tó ń kan ìṣó. Lẹ́yìn náà, ẹ dojú fóònù bolẹ̀, ẹ gbọ́ ohùn nìkan, kí ẹ fetí sí ọ̀rọ̀ ìkẹyìn gbólóhùn kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí ẹ bá tún un yà, ẹ mú àṣìṣe kan péré, kí ẹ ṣiṣẹ́ lórí ìyẹn. Ìṣẹ́jú 30 lójúmọ́ ti tó. Láti ọjọ́ kẹfà, ẹ bẹ ẹnì kan kó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́ńsì, kó máa ka ọ̀rọ̀ ẹni kejì. Òṣèré tó bá ń dá ìran ọlọ́rọ̀-méjì ṣe sí afẹ́fẹ́ á gbàgbé bí wọ́n ṣe ń gbọ́ ọ̀rọ̀, ojú ẹni tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ sì ni olótùú ń wá jù láti fi dí àlàfo.

Bóyá kí ẹ fi ìtàgé sílẹ̀: rárá o. Èémí tó gùn, fífi etí sílẹ̀ fún ẹni kejì, mímọ̀ bí ìtàn kan ṣe ń gòkè láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, orí ìtàgé ni ẹ ti kọ́ ọ, àwọn ohun tí kámẹ́rà sì ń wá nìyẹn. Àkókò ni kí ẹ ṣọ́. Ẹ má ya fíìmù lọ́sàn-án kí ẹ tún ṣe ìtàgé lálẹ́ ní ọ̀sẹ̀ kan náà bí ẹ bá lè yẹra fún un. Ohùn á há, iṣẹ́ kan á sì máa fi òǹkà rẹ̀ ba ti èkejì jẹ́. Kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé àdéhùn, ẹ béèrè bóyá wọ́n lè pè yín padà wá tún ìran yà, ọjọ́ mélòó, títí di ìgbà wo, àti bóyá ẹ ò gbọ́dọ̀ gé irun tàbí fá irùngbọ̀n títí dìgbà náà. Òṣèré tó bá ti fá orí fún ipa orí ìtàgé kí ìpè yẹn tó dé ti kó ara rẹ̀ àti olùdarí sí wàhálà. Bí ẹ bá sì ń padà sórí ìtàgé lẹ́yìn fíìmù, ẹ mọ̀ pé ohùn yín á ti kéré. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ìdánrawò, ẹ máa lọ dúró sórí ìtàgé kí àwọn yòókù tó dé, kí ẹ bá ògiri ẹ̀yìn gbọ̀ngán sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú 10, láìpariwo, títí á fi máa dá yín lóhùn.

Lọ́jọ́ tí ẹ bá padà sẹ́nu iṣẹ́, ẹ bá olùdarí sọ̀rọ̀ kí ilẹ̀ tó gbóná. Ẹ sọ fún un pé ẹ ti gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ méjèèjì, kí ẹ sì bẹ̀ ẹ́ pé bó bá tún ní "ó pọ̀ jù", kó sọ fún yín bóyá ojú ni, ohùn ni, tàbí ara. Ọ̀kan nínú mẹ́ta yẹn ló sábà máa ń jẹ́. Ẹ tún ìyẹn nìkan ṣe nínú take tó tẹ̀ lé e, kí ẹ fi méjì yòókù sílẹ̀ bí wọ́n ṣe wà.